Rìsíìtì igi: ohun tí ojú mi rí kí owó ìwádìí mi tó jáde

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síta kí n lè rí oorun sùn. ₦1,900,000 ni wọ́n fún mi láti fi ṣèwádìí igi, mo fi ₦340,000 tèmi lé e, kì í sì í ṣe igi ló jẹ owó yẹn o, rìsíìtì ló jẹ ẹ́. Àwọn àbúrò wa kan ń pè mí láti Ìlọrin àti Mínnà pé "ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ṣe é, ẹ wá kọ́ wa". Mo ti ṣe é lóòótọ́, ẹ gbọ́ bó ṣe rí.

Kánò ni mò ń gbé, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì kan ní Òkè Ọya níbí, orúkọ ẹ̀ ò ní tẹnu mi jáde torí mo ṣì ń gbowó oṣù níbẹ̀. Igi kan wà tí àwọn Hausa ń pè ní gawo. Igi yìí, orí ẹ̀ kò pé, nígbà tí gbogbo igi bá ń rúwé lójò, òun á wọ́wé sílẹ̀, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé tí gbogbo nǹkan gbẹ, òun á wá rúwé. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi ń gbin jéró àti ọkà bàbà sábẹ́ ẹ̀, oòrùn ń dé ilẹ̀ lásìkò òjò, ewé tó wọ́ ń di ajílẹ̀, èso ẹ̀ sì ni ewúrẹ́ ń jẹ lẹ́ẹ̀rùn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: téèyàn bá gbin ọmọ gawo, omi mélòó ló máa mu kó tó la ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ já, kí gbòǹgbò ẹ̀ tó débi tí omi wà nísàlẹ̀.

Kíkọ propósà ò le, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́ka yín. Kánò àti Jigawa wà lára ìpínlẹ̀ 11 tí Great Green Wall gbà kọjá ní Nàìjíríà, ètò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2007 láti dá aṣálẹ̀ dúró, ẹ ti mọ̀ pé mo lo ìyẹn dáadáa. Owó TETFund ni, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sórí ilé ìwé gíga ìjọba, ó ń gba ọwọ́ ilé ìwé wá. Ọ̀pọ̀ wa ò tiẹ̀ mọ ibi tí owó yìí ti ń wá, owó orí ni wọ́n ń bù nínú èrè àwọn iléeṣẹ́ nígbà tí mo gba tèmi, ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, ó di 3 ní 2023, kí òfin owó orí tuntun tó yí i padà ní 2026. Iléeṣẹ́ epo rọ̀bì wà níbẹ̀ o. Mo máa ń rò ó pé owó epo tó ba odò àwọn ará Niger Delta jẹ́ ló ń wá gbin igi fún wa ní Kánò, ẹ má rẹ́rìn-ín.

TETFund ò ṣẹ̀ mí, ẹ jẹ́ kó yé yín, inú ilé ìwé wa ni wàhálà mi ti wá.

January 2023 ni mo ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì, dọ́là wà ní nǹkan bíi ₦460. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń san owó náà, ìdá àkọ́kọ́ ò wọlé àfi February 2024, dọ́là ti ń lé ní ₦1,500. Sẹ́ńsọ̀ 12 tí mo fẹ́ rì sínú ilẹ̀ láti máa wọn omi, 3 ni owó tó, mo fowó ara mi kún un ó di 4. Epo bẹntiróòlù ńkọ́? Ẹ kúkú mọ̀. Mo gbà fún Ọlọ́run, mo ń bá iṣẹ́ lọ.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní June, mo lọ bá bàbá àgbà kan ní abúlé kan lójú ọ̀nà Jigawa, Malam, ẹni tó ń tọ́jú ọmọ igi láti kékeré. 600 ló kà fún mi, ₦120 lẹ́yọ, ₦72,000. Àwọn ọmọ abúlé gbẹ́ ihò 600, ₦150 ihò kan, ₦90,000. Kò sí POS, kò sí nǹkankan, owó ọwọ́. A gbìn ín, a fi ẹ̀gún yí i ká nítorí ewúrẹ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí mo gba PhD lọ.

October mo kó ìwé ìnáwó lọ kí wọ́n lè fún mi ní ìdá kejì. Ọ́díìtì ilé ìwé wa kọ kúẹ́rì: ₦162,000, kò sí rìsíìtì. Mo ní ẹ̀yin ọ̀gá, níbo ni bàbá tó ń ta ọmọ igi lábẹ́ dòngóyárò ti fẹ́ rí rìsíìtì? Wọ́n ní ìyẹn ò kàn wọ́n. Mo ra búkù rìsíìtì lọ́jà, mo wakọ̀ padà sí abúlé, Malam tẹ̀ka sí i, ó ń bi mí ṣé ẹnìkan fẹ́ mú òun ni. Mo gbé e dé, wọ́n ní nọ́ḿbà TIN, ti owó orí, dà? TIN! Malam tí kò ní fóònù!

Wọ́n wá gbà mí nímọ̀ràn pé n lo kọngílá tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé ìwé. Mo pe ọ̀gbẹ́ni náà. ₦700 lẹ́yọ. Mo ní ṣé gawo ni, ó ní kí ló ń jẹ́ gawo, dòngóyárò lòun máa kó wá, ṣebí igi ni igi. Igi tó ní rìsíìtì kì í ṣe igi tí mò ń wá, igi tí mò ń wá kò ní rìsíìtì.

December, fáìlì mi sọnù. January, wọ́n rí i, ẹni tó máa fọwọ́ sí i ti lọ lífù. Nígbà tó fi dé, March ti wọlé, ooru Kánò, ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Owó omi wà nínú ìdá kejì tí wọ́n dì mú yìí! Bẹ́ẹ̀ àsìkò yẹn gan-an ni gbogbo ìwádìí náà dá lé. Ni mo bá ń fowó oṣù mi sanwó mẹ́rúwà tó ń ta omi, March, April, May, ìyàwó mi ní ṣé mo ti fẹ́ igi lé òun ni. Bí iṣẹ́ yín bá bá òjò rìn, ẹ fi owó omi sínú ìdá àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà àti àpérò ìkẹyìn dúró de ìdá kejì.

Alhaja kan láti Ọ̀ffà tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì ló yọ mí. Mo kí i lọ́jọ́ kan, ó wo ojú mi, ó ní "Dókítà, kí ló dé tẹ́ ẹ gbẹ báyìí?" Mo rò fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé yìí, ẹ ò kì í béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ lọ kọ certificate of honour." Ìwé kan ṣoṣo ni o! Ibi tí rìsíìtì ò bá ti ṣeé rí gbà, ìwọ fúnra ẹ lo máa kọ ọ́ pé o ná owó yìí, o ná an sí báyìí, o fọwọ́ sí i, ọ̀gá ẹ fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́jọ, ojú ìwé kan, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi nínú gbogbo àwọn tó kọ kúẹ́rì sí mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ bá ọ́díìtì kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, kẹ́ ẹ sì mú nǹkan dání fún àwọn tó ń tọ́jú fáìlì, omi tútù náà tó.

Ṣùgbọ́n wọn ò fi mọ níbẹ̀. Kọ́pì márùn-ún ìjábọ̀ ìwádìí náà ni wọ́n ní n tẹ̀, ojú ewé 128 ní kọ̀ọ̀kan. Iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́, èéfín ń wọ̀ mí lójú, mo wá ń ka bébà 640 tó dá lórí bí a ṣe máa dáàbò bo igi.

Nínú 600, 214 ló la ẹ̀ẹ̀rùn já. Mo mọ èyí tó kú, mo mọ ọ̀sẹ̀ tó kú, mo mọ iye omi tó mu. Sẹ́ńsọ̀ mẹ́rin péré ni mo fi ṣe é o, ẹnikẹ́ni tó bá ní iṣẹ́ kékeré ni kó wá kà á.

Ìdá kejì wọlé ní August 2025. Inú oko ni mo wà, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé ọ̀run ya, àlẹ́ẹ̀tì dún lápò mi: ₦760,000. Mo pe ọ́díìtì pé ṣé wọ́n lè dá owó mẹ́rúwà tí mo ti ná padà fún mi, wọ́n ní rárá, owó téèyàn ná kí wọ́n tó sanwó ò wọ ìwé, omi ló wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, omi ni n rà. Ni mo bá ń wá mẹ́rúwà kiri nínú òjò, mo sì mú certificate of honour mẹ́ta dání, mo ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀.