Bí mo ṣe yọ bóòtù tó kán sínú ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀

Bóòtù tó di sàláńsà mú ló kán, ìdajì rẹ̀ sì há sínú ihò. Ó ti dógùn-ún pinpin. Ẹ má tètè fi dírìlì lu irú ẹ̀ o! Irin bóòtù le ju alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe ẹ́ńjìnnì lọ, ẹnu dírìlì á kàn yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ihò á sì bàjẹ́.

Mo kọ́kọ́ tú táǹkì epo kúrò, torí iná. Mo gbé nọ́ọ̀tì lé ṣóńṣó tó yọ síta, wẹ́dà sì jó o láti inú ihò nọ́ọ̀tì títí tí méjèèjì fi lẹ̀ pọ̀. Mo ní sùúrù kó tutù díẹ̀: bí bóòtù tó gbóná bá ń súnkì ni ìdógùn-ún yẹn ń já. Mo wá fi súpánà yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì. Ó dún “kẹ̀ẹ̀”, ó bá ń tú bọ̀. Ọwọ́ lásán ni mo fi yí bóòtù tuntun wọlé.