Bí mo ṣe yẹ Matvei Michkov wò kí draft ọdún 2023 tó dé

Ní ọdún 2023, ipò keje ni ẹgbẹ́ Flyers ti Philadelphia máa ti yan ọmọ nínú draft NHL, líìgì họ́kì orí yìnyín ti Amẹ́ríkà àti Kánádà. Àwa ọmọ Yorùbá mélòó kan tí a jọ ń wo họ́kì orí yìnyín ní ìlú yìí wá pín àwọn ọ̀dọ́ náà láàárín ara wa: kí kálukú mú ẹnì kan, kó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, kó sì kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Ọmọ Rọ́ṣíà kan, Matvei Michkov, ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Àwọn yòókù ò fẹ́ ẹ. Wọ́n ní wàhálà rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Fún ẹni tí kò mọ bí draft ṣe ń lọ: ọdọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ NHL, tí wọ́n jẹ́ 32, máa ń tò láti yan àwọn ọ̀dọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí sáà kò sì dára fún ló sábà máa ń kọ́kọ́ yàn. Ẹni tí ẹgbẹ́ kan bá ti yàn, kò sí ẹgbẹ́ NHL mìíràn tó tún lè bá a tọwọ́ bọ̀wé. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18 kí ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà tó kọjá. Ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 2004 ni wọ́n bí Michkov ní ìlú Perm, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ draft 2023 ló bọ́ sí. Oṣù Keje 2005 ni wọ́n bí Connor Bedard, ọmọ Kánádà tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Mo kọ ìyàtọ̀ oṣù méje yẹn sílẹ̀ kí n tó kọ ohunkóhun, torí pé kì í ṣe nǹkan kékeré lára ọmọ tó ṣì ń dàgbà.

Ìwé méjì ni mo ṣí. Ìwé kìíní: kí ni ọmọ yìí lè ṣe lórí yìnyín? Ìwé kejì: kí ló wà láàárín òun àti Philadelphia? Mo sì pinnu pé n kò ní fọwọ́ kan ìwé kejì títí màá fi parí ti àkọ́kọ́, torí pé nínú gbogbo ohun tí mo ti ń gbọ́ nípa ọmọ náà, ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wọnú ara wọn. Ẹni tó ń bẹ̀rù àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ á ní ọmọ náà kò ga. Ẹni tí ogun ń bà lẹ́rù á ní kì í padà wá dènà. Bẹ́ẹ̀, gíga ọmọ kò lè yí padà nítorí pé ó ní àdéhùn ní Rọ́ṣíà.

Ìṣirò ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló yá jù. Ibi mẹ́ta ni Michkov ti gbá họ́kì ní sáà 2022–23. Ní SKA St. Petersburg, nínú KHL, líìgì tó ga jù lọ́hùn-ún, eré 3 ló wọ̀, kò sì rí póìǹtì kankan. (Góòlù kan, póìǹtì kan, ẹni tó bá fi pọ́ọ̀kì, róbà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, fún ẹni tó gbá a wọlé, òun náà ní póìǹtì kan.) Ní SKA-Neva, nínú líìgì tó tẹ̀lé e, eré 12, góòlù 10, ó sì ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ nígbà 4. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n yá a fún HC Sochi, tí àwọn náà wà nínú KHL: eré 27, góòlù 9, ìrànlọ́wọ́ 11. Ogún póìǹtì.

Ẹni tó bá tẹjú mọ́ òdo tó wà níwájú SKA á rò pé ọmọ náà ò tíì tó. Ṣùgbọ́n SKA wà lára àwọn ẹgbẹ́ tó lówó jù ní Rọ́ṣíà. Àgbà eléré ló kún ibẹ̀. Ọ̀dọ́ lè wọ aṣọ, kó jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú wọn, kó má sì rí ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lórí yìnyín títí eré á fi parí. Èyí wọ́pọ̀ lọ́hùn-ún, ó sì ti ba orúkọ ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́ lójú àwọn tí kì í wò ju tábìlì ìṣirò lọ. Kí n tó ka góòlù ẹnikẹ́ni tó wá láti Rọ́ṣíà, ìṣẹ́jú ni mo máa ń kọ́kọ́ kà. Ní Sochi ni wọ́n ti fún Michkov ní iṣẹ́ àgbà, nítorí náà ti Sochi ni mo dì mú.

Sochi sì rèé, wọ́n wà lára àwọn tó gbẹ́yìn pátápátá ní sáà náà. Pọ́ọ̀kì kì í pẹ́ lọ́wọ́ wọn, góòlù wọn kò pọ̀, kò sí ìlúmọ̀ọ́ká kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà tí a lè sọ pé òun ló ń gbé e kiri. Póìǹtì 0.74 ló ń rí nínú eré kọ̀ọ̀kan. Mo wá ẹni tí mo lè fi í wé, mo sì rí Vladimir Tarasenko: oṣù Kejìlá ni wọ́n bí òun náà, KHL kan náà ló ti ń gbá ní ọdún draft tirẹ̀, 2009–10, pẹ̀lú Sibir. Eré 42, póìǹtì 24, ìyẹn 0.57. Ipò 16 ni wọ́n ti mú un ní 2010. Kirill Kaprizov tí ariwo rẹ̀ gba ìgboro lónìí, póìǹtì 8 péré nínú eré 31 ló ní ní ọdún tirẹ̀, ó sì wà nílẹ̀ títí di ipò 135 ní 2015.

N kò gbà pé ìṣirò yẹn ti parí ọ̀rọ̀. KHL ti 2010 kì í ṣe ti 2023. Nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine ní 2022, ọ̀pọ̀ àwọn àjèjì eléré ló palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Jokerit ti Helsinki àti Dinamo Riga kúrò nínú líìgì náà pátápátá. Àwọn tó ń dènà Michkov kò le tó àwọn tó dènà Tarasenko. Mo gé díẹ̀ kúrò lórí 0.74 yẹn lọ́kàn mi. Pẹ̀lú gígé náà, ó ṣì ga.

Ibi fídíò ni iṣẹ́ gan-an wà. Mo wá gbogbo eré Sochi tí mo lè rí, mo sì ń wo ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá wọ yìnyín láti ìbẹ̀rẹ̀ títí tó fi jáde. N kò fẹ́ fídíò tí wọ́n gé góòlù jọ sí; ta ni kì í dára nínú irú ìyẹn? Nínú họ́kì, eléré kì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 45 lọ kí ẹlòmíràn tó wọlé rọ́pò rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni kì í sì í sí pọ́ọ̀kì lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ya pápá yìnyín sórí ìwé, mo ń fàmì sí ibi tó wà kí pọ́ọ̀kì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibi tó ti gbá a kò ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Ibi tó dúró sí ṣáájú ni mo ń wá.

Kò pẹ́ tí àwọn àmì náà fi ṣù jọ: iwájú ilé (àwọ̀n góòlù), láàárín àmì roboto méjèèjì tó wà níwájú aṣọ́lé, àti ẹ̀yìn ilé náà. Ó dà bí adìyẹ tó ti mọ agbo ilé tí wọ́n ti ń fẹ́ àgbàdo. Kì í sáré lọ síbẹ̀. Á rọra fara pamọ́ sẹ́yìn eléré ẹ̀yìn, á ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn án, ìgbà tí ojú gbogbo èèyàn bá wà lára pọ́ọ̀kì ni á yọ́ wọlé. Èyí ni mo fún ní máàkì tó ga jù, torí pé òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í lè kọ́ ọmọ ní kíákíá.

Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń sọ, irọ́ sì kọ́. Láti ìgbà tó ti wà ní líìgì àwọn ọ̀dọ́ ló ti ń gbé pọ́ọ̀kì sójú igi lẹ́yìn ilé, tí á wá fi rọ́ ọ sí igun òkè lórí aṣọ́lé. Ó dùn ún wò. N kò fún un ní máàkì kan lórí ìyẹn. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ ni pé bí wọ́n bá fún un ní pọ́ọ̀kì tí kò dára, tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún tàbí tó bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó máa ń gbá a jáde kí aṣọ́lé tó dúró dáadáa.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fa àríyànjiyàn láàárín wa. Bí wọ́n bá ní kó sáré tààrà láti òpin kan dé ìkejì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa fi í sílẹ̀. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ṣùgbọ́n ó mọ yíyí, ó mọ dídúró lójijì, ó sì mọ bó ṣe ń dín eré kù kí ẹni tó ń lé e lè kọjá lára rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní yìnyín Amẹ́ríkà máa há mọ́ ọn, torí àwọn pápá kan ní Rọ́ṣíà fẹ̀ tó mítà 30, ti NHL kò sì ju nǹkan bíi 26 lọ. Èmi wò ó ní òdìkejì. Ẹni tó ń jẹun nínú gbalasa ni pápá tó há máa pa lára. Ọmọ yìí, iwájú ilé ni oúnjẹ rẹ̀ wà, iwájú ilé ò sì jìnnà níbì kankan.

Ní ti ìdènà, kò dára. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ pọ́ọ̀kì nù, ìgbà mìíràn wà tó máa ń fi yíyọ̀ padà dípò sísáré. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, n kò fi epo pa á.

Ohun tó le jù ni pé kò sí ìdánwò tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ kọ. Ìparí oṣù Kejì 2022 ni IIHF, àjọ họ́kì àgbáyé, lé Rọ́ṣíà kúrò nínú ìdíje àgbáyé. Ìdíje àwọn ọ̀dọ́ tó wọ̀ ní Kánádà ní oṣù Kejìlá 2021, àrùn Kòrónà ni kò jẹ́ kó parí. Nítorí náà, nígbà tí Bedard ń kó póìǹtì 23 nínú eré 7 ní ìdíje àwọn ọ̀dọ́ yẹn, World Juniors, ti 2023, Michkov wà ní Rọ́ṣíà. Ẹlẹ́rìí tó lágbára jù tó kù ni ìdíje àwọn tí kò tíì pé 18 ní Texas ní 2021: góòlù 12 àti póìǹtì 16 nínú eré 7, òun ni wọ́n sì fún ní ẹ̀bùn ẹni tó dára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kánádà na Rọ́ṣíà 5–3 ní àṣekágbá. Bedard wà níbẹ̀, póìǹtì 14. Ẹlẹ́rìí tó ti dàgbà ni. Mo gbọ́ tirẹ̀, n kò gbé gbogbo ìdájọ́ lé e.

Ìgbà yìí ni mo tó ṣí ìwé kejì. Àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú SKA kò ní parí títí di 2026. Kò sí àdéhùn láàárín NHL àti KHL tí ẹgbẹ́ kan lè fi sanwó kó sì mú ọmọ jáde, nítorí náà ọdún mẹ́ta ni kí èèyàn fọkàn sí. Ìbẹ̀rù àwọn ará Philadelphia sì ní orúkọ: Ivan Fedotov, aṣọ́lé tó tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Flyers ní 2022, tí wọ́n mú ní St. Petersburg ní oṣù Keje ọdún náà, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí iṣẹ́ ológun. N kò lè sọ fún ẹni tó rí ìyẹn pé kó má bẹ̀rù. Ní òdìkejì, Minnesota, ẹgbẹ́ tó yan Kaprizov, dúró dè é fún ọdún márùn-ún, ó dé ní 2020, ó sì gba ẹ̀bùn ọ̀dọ́ tó dára jù ní 2021.

Àwọn kan ń béèrè ìwà rẹ̀. Kò sí níbi àyẹ̀wò gbogbogbò tí wọ́n ṣe ní Buffalo. Ní oṣù Kẹrin 2023, bàbá rẹ̀ kú ní Sochi. Àwọn èèyàn sì ti ń fi ìyẹn méfò oríṣiríṣi. N kò kọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ẹni tó jókòó síwájú fídíò lè fi díwọ̀n ọmọ.

Nínú ìwé kìíní, ipò kejì ni mo fi í sí, lẹ́yìn Bedard nìkan. Ìwé kejì, mo ní owó ìdúró ọdún mẹ́ta yàtọ̀ láti ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ gba ife lọ́dún tó ń bọ̀ lè fò ó. Flyers tí ife kò ti wọlé wọn láti 1975, tí Danny Briere, alákòóso wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàṣẹ, sì ti sọ ní gbangba pé àwọn máa tún ilé kọ́, kí ni ìdúró fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn? Mo kọ ọ́ pé bó bá ku ọmọ náà nílẹ̀ ní ipò keje, kí wọ́n mú un, kí wọ́n má wẹ̀yìn. Ọ̀rẹ́ mi ní bí ẹgbẹ́ mẹ́fà bá fò ó, wọ́n ti mọ ìdí. Mo rán an létí Jarome Iginla, ọmọ bàbá Yorùbá: ipò 11 ni Dallas ti mú un ní 1995, wọ́n sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Calgary kó tó gbá eré NHL kan fún wọn. Góòlù 625 ló gbá nínú NHL.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà, ní Nashville, wọ́n pe Bedard, Leo Carlsson, Adam Fantilli, Will Smith, David Reinbacher. Ìpè kẹfà ló yà mí lẹ́nu: ọmọ Rọ́ṣíà ni Arizona mú, Dmitri Simashev, eléré ẹ̀yìn gíga kan láti Lokomotiv Yaroslavl, wọ́n sì tún padà wá mú Daniil But láti ẹgbẹ́ kan náà ní ipò 12. Èyí fi hàn pé orúkọ Rọ́ṣíà nìkan kọ́ ló ń lé àwọn èèyàn sá. Flyers mú Michkov ní keje.

Ó tún padà sí Sochi, póìǹtì 41 nínú eré 47. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 2024, SKA tú u sílẹ̀ ní ọdún méjì ṣáájú àkókò, ó sì wá sí Philadelphia. Ní oṣù Kọkànlá, akọ́nimọ̀ọ́gbá yọ ọ́ kúrò nínú eré mélòó kan, àwọn èèyàn sì ń pè mí pé ṣé mo rí i. Mo ní kí wọ́n ka ohun tí mo kọ sí abẹ́ ìdènà. Sáà náà parí pẹ̀lú góòlù 26 àti póìǹtì 63 nínú eré 80, kò sì sí ọ̀dọ́ tuntun tó gbá góòlù jù ú lọ nínú NHL lọ́dún náà. Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń bá mi jà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá dé ìdíje ife, tí gbogbo èèyàn ń sáré, a jọ máa rí i.