Bí ilé-ìwé ṣe ń mọ ọmọ tí ó nílò ẹ̀kọ́ àkànṣe, àti ibi tí ó yẹ kí ó ti kàwé

Bí olùkọ́ bá ránṣẹ́ pè yín pé ọmọ yín kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mu nínú ẹ̀kọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́: bóyá ọmọ náà kì í dáhùn bí a bá pè é láti ẹ̀yìn, bóyá ó máa ń kanmú mọ́ ìwé kí ó tó lè kà á, bóyá inú ìṣirò nìkan ni ó ti ń kọsẹ̀. "Olódo ni" kì í ṣe àkọsílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò, nítorí ọmọ tí ọyún ń jáde ní etí rẹ̀ lemọ́lemọ́ lè má gbọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì, kí gbogbo ènìyàn sì máa pè é ní olóríkunkun. Ìjọba àpapọ̀ ní ilé ìwòsàn àkànṣe fún etí ní Kàdúná, ó sì ní ti ojú níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àyẹ̀wò òye ni ó kàn, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ kí àwa Yorùbá tí ó wà lókè ọya ṣọ́ra jù lọ. Ọmọ wa ní Kubwa tàbí Mararaba, ní agbègbè Àbújá, lè máa sọ Yorùbá nílé, kí ó máa bá ọ̀rẹ́ sọ Haúsá ní àdúgbò, kí wọ́n sì wá fi Gẹ̀ẹ́sì dán an wò. Bí ó bá lè fi Yorùbá ro ìtàn kan fún ìyá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ó sì dákẹ́ nígbà tí a fi Gẹ̀ẹ́sì bi í, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé èdè ni ìṣòro rẹ̀. Ẹ sọ èyí fún onímọ̀ tí ń ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ sì ní kí ẹni tí ó gbọ́ èdè ọmọ náà wà níbẹ̀.

Nígbà tí èsì bá dé, ọ̀gá ilé-ìwé, olùkọ́, onímọ̀ náà àti ẹ̀yin òbí yóò jókòó láti kọ ètò ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ ti ọmọ yẹn nìkan: ohun tí yóò kọ́, ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́, àti ọjọ́ tí ẹ ó tún ètò náà yẹ̀ wò. Awò ojú àti ìjókòó iwájú lè tó fún ọmọ kan láti dúró sí kíláàsì tí ó wà. Ẹni tí ó nílò bíréèlì, ìkọ̀wé tí afọ́jú ń fi ìka kà, tàbí èdè ọwọ́ lè rí ilé-ìwé afọ́jú ní Jabi, tàbí ti adití ní Kuje, ní Àbújá.

Bí ilé-ìwé bá kọ̀ láti gba ọmọ nítorí pé ó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ ní kíkọ. Òfin ọdún 2018 tí ó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá fún un ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ìwé girama. Ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà náà pamọ́, kí ẹ sì mú un lọ sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ọ̀ràn àwọn àkàndá ẹ̀dá.