Mẹ́sàn-án Tó Di Méje: Bí Mo Ṣe Yan Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣirò Owó Lẹ́ẹ̀kejì

Péépà mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpolówó kọ́lẹ́ẹ̀jì mi pé a ò ní ṣe mọ́ nínú ìdánwò ACCA, méje ni mo rí gbà. Ìdánwò mẹ́tàlá, tí à ń pè ní péépà, ló wà nínú ACCA, ìwé-ẹ̀rí àgbáyé fún àwọn oníṣirò owó. Ẹni tó bá ti gba dìgírì ìṣirò owó lè bọ́ lọ́wọ́ mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, ohun tí gbogbo wa ń pè ní exemption nìyẹn. Mẹ́rin tó kù, SBL (péépà ìdarí ilé-iṣẹ́), SBR (péépà ìwé owó tó ga jù) àti méjì téèyàn máa fúnra rẹ̀ yàn, kò sẹ́ni tí wọ́n ń yọ̀ǹda wọn fún. Mo ti kà á sórí pé mẹ́rin péré ló kù fún mi. Mẹ́fà ni mo bá. LW, péépà òfin, àti TX, péépà owó orí, ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè mí. Owó ìdánwò méjì, owó ìwé, àti oṣù tí mo fi kàwé: ó ṣì ń dùn mí.

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin ní ìṣirò owó lòun náà fẹ́ kà, mo ní kó gbé ìwé ìpolówó sílẹ̀ ná. Èmi ni mo bá a yan kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ti fọ́ọ̀mù, máàkì àbáwọlé àti ilé gbígbé, ẹ ti mọ̀ ọ́n, n kò ní tún un sọ.

Ojú òpó ACCA ni mo kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní ibì kan níbẹ̀ téèyàn ti lè wo iye péépà tí dìgírì rẹ̀ máa gbé kúrò lọ́rùn rẹ̀: ẹ mú orílẹ̀-èdè, ẹ mú ilé-ẹ̀kọ́, ẹ wá mú orúkọ dìgírì. Orúkọ dìgírì yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Dìgírì ni wọ́n ń wò, kì í ṣe òkìkí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nínú ọgbà kan náà, Accounting lè ní mẹ́sàn-án kí Accounting and Finance ní márùn-ún, kí dìgírì okòwò tí wọ́n bu ìṣirò owó díẹ̀ lé lórí má kọjá mẹ́ta.

Ẹ má sì jẹ́ kí báàjì kó yín lójú. Gold àti Platinum tí ACCA ń fún àwọn tó ń pè ní Approved Learning Partner wà fún ibi tí wọ́n ti ń múni gbára dì fún ìdánwò ACCA gan-an. Kò sọ ohunkóhun nípa dìgírì. AACSB, tó ti wà láti ọdún 1916, ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ okòwò wò, ó tiẹ̀ ní ìwé-ẹ̀rí tó yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀ka ìṣirò owó. Ó dáa kí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní in. Kò yọ péépà kan ṣoṣo kúrò lọ́rùn ẹnikẹ́ni.

Ibi tí wọ́n ti mú mi gan-an rèé. Exemption mìíràn ní àdéhùn nínú: ẹ máa rí i gbà bí ẹ bá ṣe ẹ̀kọ́ kan pàtó tí ẹ sì yege. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mi, LW so mọ́ Òfin Ilé-iṣẹ́, TX so mọ́ Owó Orí, AA, péépà ọ́díìtì, so mọ́ Ọ́díìtì Kejì. Ẹ̀kọ́ àṣàyàn ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwé ìpolówó ò sì dárúkọ ọ̀kankan. Mo fi Òfin sílẹ̀, mo mú Títa Ọjà, torí wọ́n ní ó rọrùn. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n Owó Orí, mo fẹ́ ẹ o! Àkókò kan náà ni òun àti Ọ́díìtì Kejì bọ́ sí nínú táìmùtébù, aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo mú Ọ́díìtì. Ẹ wá wò ó: akẹ́kọ̀ọ́ wo ló máa wà ní kíláàsì méjì lẹ́ẹ̀kan náà? Mẹ́sàn-án tí wọ́n ń fọn fèrè rẹ̀, kò sẹ́ni kankan nínú wa tó lè kó o tán láéláé. Ẹni tó gbọ́n jù lọ nínú wa, mẹ́jọ ló máa gbà.

Torí náà, fún àbúrò mi, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ rí lọ́dọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta tó wù ú: ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ọ̀ranyàn àti èyí tó jẹ́ àṣàyàn, sílábọ́ọ̀sì àwọn ẹ̀kọ́ tó kan péépà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, àti táìmùtébù ọdún àṣekágbá tó ń lọ lọ́wọ́. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan máa tó. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gbà.

Mo kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àkọ́kọ́ fi ìwé ìpolówó tí mo ti ní lọ́wọ́ ránṣẹ́ padà. Ìkejì ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wọlé nìkan ló lè rí táìmùtébù. Ìkẹta ò fèsì rárá. Mo pè wọ́n. Ọ́fíìsì ìgbaniwọlé ní kí n lọ bá ẹ̀ka ìṣirò owó, ẹ̀ka ìṣirò owó ní kí n padà sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi gbá mi bíi bọ́ọ̀lù. Ó ṣeé ṣe kí gígùn ìbéèrè mi ti bà wọ́n lẹ́rù: ẹni tó bá béèrè sílábọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án dà bí ẹni tó fẹ́ pe ẹjọ́.

Ohun tó já a ni pé mo yé bá ọ́fíìsì sọ̀rọ̀. Orúkọ àti ímeèlì àwọn olùkọ́ wà lójú òpó ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Mo kọ̀wé sí ẹni tó ń kọ́ Owó Orí, ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá lè ṣe Owó Orí àti Ọ́díìtì tó ga jù papọ̀ ní sẹ̀mẹ́sítà kan?” Ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, èsì dé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì kejì: ọ̀ranyàn ni Owó Orí lọ́dọ̀ àwọn, ọdún kẹta ni wọ́n sì ń ṣe é. Olùkọ́ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àkọ́kọ́, àwọn tó ń polówó mẹ́sàn-án, kọ ìlà kan: “Kì í ṣe nínú táìmùtébù ti ọdún yìí.” Ẹ̀rín pa mí. Ti ìkẹta ò mọ̀, ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan, ìyẹn sì ya fọ́tò táìmùtébù ránṣẹ́ láàárín wákàtí kan. Àwọn olùkọ́ méjì náà fi sílábọ́ọ̀sì wọn kún un, láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n.

Bí ẹ bá ti rí sílábọ́ọ̀sì gbà, ẹ ò nílò láti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà IFRS àti IAS, ìyẹn ìlànà àgbáyé lórí bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé owó ilé-iṣẹ́. IFRS 16 ti rọ́pò IAS 17 lórí ọ̀rọ̀ háyà láti ọdún 2019, IFRS 15 sì ti gba ipò IAS 18 lórí owó tó ń wọlé láti ọdún 2018. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àkọ́kọ́ ṣì kọ IAS 17 síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó wà lórí àlééfà. Bí ẹ bá rí IFRS 18, tó máa gba ipò IAS 1 láti oṣù Kìíní ọdún 2027, ẹ̀rí ni pé ẹnì kan jí lójú oorun níbẹ̀.

Ẹ tún wo ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ ti ọdún àṣekágbá, bóyá ẹ máa rí ìwé owó ilé-iṣẹ́ ìyá àti ọmọ. Bí àpẹẹrẹ: ilé-iṣẹ́ kan san 500 fún 80% ilé-iṣẹ́ mìíràn, 20% tó kù tó 110, dúkìá ilé-iṣẹ́ ọmọ náà, lẹ́yìn tí wọ́n yọ gbèsè, jẹ́ 450 lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Goodwill, ìyẹn iye tí owó ilé-iṣẹ́ náà fi ju dúkìá rẹ̀ lọ, máa jẹ́ 500 + 110 − 450, ìyẹn 160. Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú ni pé wọ́n á lo dúkìá ìparí ọdún dípò ti ọjọ́ ìrajà. Ẹni tí kò bá rí irú ìṣirò yìí kó tó gba dìgírì lè gba exemption FR, péépà ìwé owó ilé-iṣẹ́, kó wá dé SBR kí ojú rẹ̀ ranko. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún àbúrò mi pé bí ọ́díìtì bá ṣòro fún un ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kó kọ exemption AA, kó jókòó ṣe ìdánwò náà kó tó dé AAA, péépà ọ́díìtì tó ga jù, ọ̀kan lára àwọn téèyàn ń yàn. ACCA gba ìyẹn láyè. Exemption pàápàá kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹ máa san owó lórí péépà kọ̀ọ̀kan.

Ọdún ìkọ́ṣẹ́ tún wà. Oṣù mẹ́rìndínlógójì ìrírí lábẹ́ alábòójútó ni ACCA ń béèrè, kò sì pọn dandan kéèyàn parí ìdánwò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kejì ní ọdún kan tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ ṣiṣẹ́. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti ìṣirò owó lóòótọ́, oṣù méjìlá ti kúrò ńbẹ̀. Ẹni tó bá ń fojú sí CPA, ìwé-ẹ̀rí oníṣirò owó ti Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn nìyẹn pátápátá: wákàtí kírẹ́dìtì 150 ni òfin tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, dìgírì lásán sì sábà máa ń jẹ́ 120. Kí ẹ wo òfin ìpínlẹ̀ tí ẹ máa ti gba láìsẹ́ǹsì kí ẹ tó yan ẹ̀kọ́ kankan.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kejì la mú. Mẹ́jọ ló wà lórí ìwé, mẹ́jọ náà ló ṣeé kó. Mo fi máàkà pupa fa ìlà sábẹ́ ẹ̀kọ́ tí péépà kọ̀ọ̀kan so mọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá àbúrò mi.

Èmi jókòó ṣe TX ní oṣù Kẹfà, mo yege. Títa Ọjà tí mo ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mi ò tíì rí ibi tí mo máa lò ó sí.