Bí ẹ ṣe lè yẹ Jaguar D-type tí wọ́n tún kọ́ wò kí ẹ tó dá owó lé e

D-type, ọkọ̀ ìdíje Jaguar tó gba Le Mans (eré ọkọ̀ wákàtí 24 ní ilẹ̀ Faransé) ní 1955, 1956 àti 1957, iṣẹ́ ìdíje ni wọ́n fi ṣe. Ó ń forí sọ nǹkan, wọ́n sì ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá búra pé wọn ò yọ irin kankan lára rẹ̀ rí, ẹ fura. Ìtàn tí kò já ni kí ẹ béèrè: ta ló ni ín, ta ló tún un ṣe, rìsíìtì dà, láti Coventry, níbi tí Jaguar ti kọ́ ọ, títí dòní. Ní 1990, adájọ́ kan ní London gbà pé ọkọ̀ Bentley tó gba Le Mans ní 1929 àti 1930 lojúlówó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló kù nínú irin àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ yẹ àdéhùn láti rà á ní mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn ò ríbi yẹ̀ ẹ́ sí.

Férémù iwájú ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ti 1954, alumíníọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù ni, wọ́n fi iná jó o pọ̀ mọ́ ara àárín, ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí. Láti 1955 ó di irin tí wọ́n fi bóòtù dè. Ohun tó ṣeé tú ṣeé pín: férémù á lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan, ara àárín sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ọkọ̀ méjì á wá máa jẹ́ nọ́mbà kan.

Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kan férémù náà. Bó bá lẹ̀ mọ́ èyí tí wọ́n pè ní 1954, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Mágínẹ́ẹ̀tì ò wúlò lára bọ́dì, alumíníọ̀mù ni. Ẹ lo ẹ̀rọ tó ń wọn ìnípọn ọ̀dà lórí alumíníọ̀mù, kí ẹ lè mọ ibi tí páńẹ́bítà ti fi fílà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí kòtò ara ọkọ̀, dí i.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ sí nọ́mbà ọkọ̀ tí wọ́n lù sára irin, irú bí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú XKD. Bó bá wọ́ díẹ̀, kò burú, ọwọ́ ni wọ́n fi lù ú. Ìlà gíráíńdà yí i ká, tàbí ojú irin tó jìn ju àyíká rẹ̀ lọ, ìyẹn lẹ́jọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀yìn ìjókòó, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í nu, kí ẹ fi ìṣó ríbẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ wé fọ́tò àtijọ́.

Ìwé HTP, ìyẹn ìwé ìrìnnà ọkọ̀ ìdíje àtijọ́ tí FIA, àjọ eré ọkọ̀ àgbáyé, ń fúnni, ò tó ẹ̀rí o. Ohun tó ń sọ ni pé ọkọ̀ bá òfin ìdíje mu. Kò sọ ọjọ́ orí irin. Bẹ́ẹ̀ ni D-type tuntun 25 tí Jaguar kéde ní 2018 pé òun máa kọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ àtijọ́.

D-type tó ń jẹ́ XKD 501, tó gba Le Mans 1956, tà ní $21,780,000 ní Monterey ní 2016. Ẹ má fi iye yẹn díwọ̀n ọkọ̀ tí ẹlòmíràn tún ń jẹ́ nọ́mbà rẹ̀. Kí àwọn tó ni ọkọ̀ méjèèjì kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé lórí ẹni tó ni nọ́mbà, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó.