Ẹ̀yin HR tẹ́ẹ ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tẹ́ẹ bá fẹ́ gbógun ti ẹ̀tanú ẹ̀yà níbi iṣẹ́, fáìlì ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ ṣí

Tí ọ̀gá bá ní kẹ́ẹ wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ẹ̀tanú ẹ̀yà, ẹ má sáré lọ ṣe sẹ́mínà. Sẹ́mínà dáa o, ráìsì á wà, wọ́n á ya fọ́tò, àmọ́ tó bá di Mọ́ńdè, ọmọ Ebira tó ní dìgírì tí wọ́n fi sí géètì náà ló ṣì máa ṣílẹ̀kùn fáwọn tí wọ́n gbà lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n ti di súpáfáísọ̀. Bóyá kò tiẹ̀ sẹ́ni tó kórìíra ẹ̀ nínú gbogbo wọn. Bí wọ́n ṣe ń gbani síṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń gbéni ga ló wọ́.

Ẹ kó fáìlì gbogbo òṣìṣẹ́ jáde. Ẹ kọ ọ́ sórí Excel: ọdún tó wọlé, ìwé tó kà, owó tó ń gbà, ìgbà tó gba pròmóṣọ̀n kẹ́yìn, kuẹ́rì tó ti jẹ, ẹni tó fà á wọlé (ọ̀pọ̀ ò ní fẹ́ sọ èyí, ẹ rọra bèèrè). Ẹ wá kọ ẹ̀yà wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tẹ́ẹ bá rí ẹni méjì tí wọ́n dẹ́ṣẹ̀ kan náà, tí wọ́n dá ọ̀kan dúró, tí wọ́n ní kí èkejì ṣáà máa ṣọ́ra, ẹ ti rí ibi tó ń jò.

Ohun tẹ́ẹ ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ ló le jù. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ iná kan wà ní North Carolina, Duke Power, iṣẹ́ lébìrà nìkan ni wọ́n ń fáwọn aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí òfin 1964 ka irú ẹ̀ léèwọ̀, ìwé ẹ̀rí girama àti ìdánwò ni wọ́n fi dínà, bẹ́ẹ̀ àwọn òyìnbó tó ti wà níbẹ̀ tí wọn ò ní ìwé yẹn ń ṣiṣẹ́ wọn lọ dáadáa. Ní 1971, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ní bí wọn ò tiẹ̀ ní ibi lọ́kàn, ohun tí kò kan iṣẹ́ náà tó sì ń ti àwọn kan síta kò bófin mu. Ẹ wo tiwa wàyí: "ó gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè Èkìtì." Tó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń lọ bá àwọn ìyá àgbà lábúlé lápá Ọ̀mùò, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Akáúńtàntì tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Fájuyì, l'Ádó-Èkìtì ńkọ́, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ẹ yọ ìlú abínibí àti ẹ̀sìn kúrò nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń wáṣẹ́, ó di ìgbà tẹ́ẹ bá gba ẹni náà síṣẹ́ tán kẹ́ẹ tó bèèrè. Ìbéèrè kan náà fún gbogbo wọn ní ìntáfíù, kálukú yín kọ máàkì tiẹ̀ kẹ́ẹ tó jíròrò. "Ọmọ ta ni ọ́ ní Ìjerò?" dùn létí níbi ìnáwó, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ fẹjọ́ sùn, ẹ má ní kó gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ̀, torí ọ̀gá yẹn lè jẹ́ ẹni tó ń pè é ní kòbókòbó ní mítìn-ín tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi déètì sí i, ẹ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, ẹ sọ ọjọ́ tẹ́ẹ máa fèsì, kẹ́ẹ sì máa ṣọ́ ọ fún oṣù díẹ̀ sí i kí wọ́n má lọ fi tiránsífà gbẹ̀san lára ẹ̀.

Tí ọ̀gá àgbà bá ní kí lẹ ń dààmú fún, ẹ fi abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 hàn án, pé ẹ̀yà tàbí ìlú téèyàn ti wá kì í ṣe ohun tí wọ́n máa torí ẹ̀ fìyà jẹ ẹ́, àti pé National Industrial Court ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀tanú níbi iṣẹ́. Tó bá ṣì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ẹ bá a ṣírò iye tẹ́ẹ ń ná láti kọ́ ẹlòmíì tí ẹni tó mọṣẹ́ bá bínú lọ. Mánéjà tí nǹkan ò bá yí padà ní ẹ̀ka tiẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, ẹ dá pròmóṣọ̀n tòun náà dúró.