Kábúrétọ̀ ọkọ̀ rìmóòtù oní-nitro ń yọ yín lẹ́nu? Bí a ṣe ń wá ìdí ẹ̀ rèé

Lọ́jọ́ Sátidé kan, láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀ ni mo fi ń yí súkúrù kábúrétọ̀ ọkọ̀ rìmóòtù mi, ọkọ̀ ìṣeré kékeré tó ní ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ epo. Á sitáàtì, á sáré bíi mítà mẹ́wàá, á kú. Ìgbà tí mo fẹ́ palẹ̀ mọ́ ni mo rí i pé rọ́bà tó ń gbé epo wá ti lu, ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Kábúrétọ̀ ò ṣẹ̀ mí. Láti ọjọ́ náà, súkúrù ni mò ń fọwọ́ kàn kẹ́yìn.

Epo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí kì í jẹ pẹtiróòlù. Methanol, nitromethane àti ọ́ìlì ni wọ́n pò pọ̀ nínú epo rẹ̀, pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ kì í sì í ṣáná bíi ti ọ̀kadà. Wáyà tín-ín-rín kan tó ní platinum ló wà lẹ́nu ẹ̀. Methanol ló ń jẹ́ kó máa pọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ bátìrì tí ẹ fi jí i. Ẹni tó bá da pẹtiróòlù sí i torí pé epo nitro wọ́n, asán ló ń fa okùn. Methanol tún máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, torí náà, epo tí ẹ ti ṣí sílẹ̀ láti àsìkò òjò, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ kan bátìrì 1.5V mọ́ ọn. Bí wáyà náà ò bá pọ́n bí ẹyin iná, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Ó kan ibi tó ń jò. Mo mọ̀ pé àwọn mẹkáníìkì wa máa ń fẹnu fẹ́ ojú kábúrétọ̀. Ẹ má dán an wò níbí o. Methanol ni wọ́n rí nínú ògógóró tó fọ́ àwọn èèyàn lójú, tó sì pa wọ́n, ní agbègbè Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, lọ́dún 2015. Síríǹjì ni kí ẹ fi fẹ́ atẹ́gùn sínú rọ́bà, ẹ dí ẹnu kejì, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọnú omi. Ibi tó bá ti hó, ibẹ̀ ló lu. Ẹ wo rọ́bà tó ti salẹ́ńsà lọ sí táǹkì náà, torí atẹ́gùn salẹ́ńsà ló ń ti epo jáde. Ẹ wo rọ́bà ìdérí táǹkì àti èyí tó wà lọ́rùn kábúrétọ̀. Bí ẹ bá sọ iná sílẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń pariwo kó tó wálẹ̀, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ máa gba ọ̀rùn yẹn wọlé.

Bí gbogbo ìyẹn bá dáa, ẹ wá mú sukurudiráfà. Àmọ́ inú epo gan-an ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wà. Bí ẹ bá dín epo kù, ọ́ìlì lẹ dín kù, písítọ́ọ̀nù á sì jó. Kí epo pọ̀ díẹ̀, èéfín ló máa fà. Kó kéré, owó ẹ́ńjìnnì tuntun ni.

Súkúrù mẹ́ta lẹ máa rí, a sì ń pe méjì nínú wọn ní abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ eré, níbi tí rọ́bà epo ti wọlé, ló ń pín epo nígbà tí ẹ bá tẹná dópin. Abẹ́rẹ́ sílò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ló ń pín in nígbà tí ẹ ò bá tẹná. Súkúrù kẹta kì í pín epo. Ó kàn ń dá ọ̀nà afẹ́fẹ́ dúró kó má pa dé pátá. Bí ẹ bá yí abẹ́rẹ́ sọ́tùn-ún, epo á dín. Sósì, á pọ̀ sí i. Ẹ rọra yí abẹ́rẹ́ méjèèjì wọlé títí wọ́n á fi jókòó, ẹ ka iye ìyípo, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá dá wọn padà sí iye tí ìwé ọkọ̀ náà sọ. Ẹ yọ fílítà, ẹ yọjú wo ẹnu kábúrétọ̀: àlàfo tó kù níbẹ̀ bí ẹ ò bá tẹná kò gbọ́dọ̀ ju bí káàdì ATM ṣe nípọn lọ.

Ẹ sitáàtì, ẹ jẹ́ kó gbóná. Abẹ́rẹ́ eré la ń kọ́kọ́ tún. Bí ẹ bá tẹná dópin, èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé e. Bí èéfín ò bá sí, tí ohùn ẹ̀ ń han gooro, ẹ ṣí i. Bó bá ń kùn, tí èéfín bolẹ̀, tí kò lè sáré, ẹ dì í. Ìwọ̀n tí ọwọ́ aago fi ń kúrò ní 12 bọ́ sí 1 ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kán omi sórí ẹ́ńjìnnì: bó bá hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó dáa, bó bá ta pòórá lójú ẹsẹ̀, ẹ pa á kíá.

Ti sílò ni mo fẹ́ràn jù, torí ìka méjì ló gbà. Bí ọkọ̀ ṣe dúró tó ń kùn, ẹ fún rọ́bà epo pa nítòsí kábúrétọ̀, kí ẹ máa ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ó yẹ kí ohùn ẹ̀ lọ sókè díẹ̀ kó tó kú ní ẹ̀ta. Bó bá kú kí ẹ tó pe ení tán, ẹ ti dì í jù. Bí ẹ bá ka ẹ̀fà tí kò kú, epo ti pọ̀.

Bí okùn bá le tí kò ṣeé fà, epo ti kún inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ má fi ipá fà á, ẹ lè ṣẹ́ irin inú ẹ̀. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ dojú ọkọ̀ bolẹ̀, ẹ gbójú kúrò, kí ẹ wá fa okùn díẹ̀díẹ̀ títí epo á fi tú jáde.

Lásìkò ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ tutù tó sì gbẹ, ẹ ṣí abẹ́rẹ́ eré díẹ̀ sí i. Bí ẹ bá ṣeré tán, ẹ jẹ́ kó lo epo tó kù tán, kí ẹ kán ọ́ìlì bíi mélòó kan sí ojú pọ́lọ́ọ̀gì àti ẹnu kábúrétọ̀, kí ẹ fa okùn lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ tó gbé e pamọ́.